Èmi Ni Mo Kan Ọmọlańkẹ́ Orí Síkì Yẹn

Ọkọ mi fẹ́ràn ẹja pípa ju bó ṣe fẹ́ràn mi lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti gba èyí mọ́ra. Ohun tí n kò gbà, tí n kò sì ní gbà títí wọn yóò fi bò mí mọ́lẹ̀, ni pé kí ó mú iṣẹ́ ọwọ́ mi, kí ó fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ.

Ilé kékeré kan ní Corduff ni à ń gbé nígbà náà, ní àwọn ọdún tí owó ń ya wọ Dublin, tí kéréènì ìkọ́lé ga sójú ọ̀run níbi gbogbo tí èèyàn bá yíjú sí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì, káfíńtà sì ni bàbá tó bí mi. Mo ń sọ èyí nítorí pé nínú gbogbo ariwo tí wọ́n pa nípa ọmọlańkẹ́ náà, kò sẹ́ni tó rántí ọmọ ẹni tí mo jẹ́ tàbí ohun tí mo kọ́.

Ní Dublin, físíìsì kò bá mi wáṣẹ́. Ìyá arúgbó kan ní Castleknock ni mò ń tọ́jú: mo máa ń wẹ̀ ẹ́, mo sì máa ń fún un lóúnjẹ. Ọkọ mi ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kan ní Citywest. Ibẹ̀ ni òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti kọ́ ọ ní ẹja pípa ní etíkun, láti orí iyanrìn. Láti ìgbà náà, Sátidé kì í ṣe tèmi mọ́.

Ẹni tí kò bá mọ etíkun yẹn kò ní lóye ìyà tó ń jẹ ọkọ mi. Bí omi bá fà, yóò fà títí ojú kò fi ní rí i mọ́, iyanrìn tútù àti ẹrẹ̀ nìkan ni yóò kù sílẹ̀. Apẹja yóò kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀kì walẹ̀ wá ekòló tó máa fi ṣe ìjẹ, lẹ́yìn náà ni yóò rìn tó ìlàjì wákàtí kí ó tó bá òkun níbi tó sá lọ. Ọ̀pá ìpẹja méjì, irin tí wọ́n máa ń gbé ọ̀pá lé, garawa ekòló, àpótí oníyìnyín tí ẹja ń wọ̀, àga, fúláàsì, aṣọ tí yóò pààrọ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń gbé. Ó yá bárò lọ́wọ́ aládùúgbò wa, táyà rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀ dé ìdajì. Ó wá ń gbé ẹrù sí èjìká lọ, ó ń gbé e bọ̀. Ní alẹ́ Sátidé, èmi ni mo máa ń fi òrí ra ẹ̀yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni ẹja tó tóbi jù ń lọ bá? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọmọ ilé wọn kan ni, ọmọ agboolé kan náà pẹ̀lú ọkọ mi. Opó ni, ó ń ránṣọ, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kótópó kan lẹ́yìn Moore Street. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé ọkọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ gúgúrú, ìyá ọkọ mi sì ní, “Kúnlẹ̀ kí i, ọkọ rẹ nìyẹn.” Gbogbo ẹni tí wọ́n bá bí sínú ilé kí ìyàwó tó dé, ọkọ ni wọ́n jẹ́ fún un, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Mo kúnlẹ̀. Mo fún un ní orúkọ oríire tí ìyàwó ń fún ọmọ ilé, orúkọ tó dùn, tí mo ronú sí. N kò ní kọ ọ́ síbí. Kò yẹ ẹ́ mọ́.

Ní bí ogójì ọdún ó dín díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí i lórí kápẹ́ẹ̀tì ní Corduff, pẹ̀lú orúnkún tó ti ń dún. Ó máa ń dúró kí orúnkún mi kan ilẹ̀ dáadáa kí ó tó wí pé, “Ẹ dìde, ẹ dìde o, ìyàwó wa. A kì í ṣe ará oko mọ́.” Lẹ́yìn náà yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ ti òkun fún mi jàre.”

Ọkọ mi, tí kì í sọ ju “ó dáa” àti “ó ti tó” fún mi láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, yóò wá di akéwì. Yóò sọ bí ẹja ṣe fa okùn, bí afẹ́fẹ́ ṣe fẹ́ gba fìlà rẹ̀. Obìnrin náà yóò máa pàtẹ́wọ́, yóò máa rẹ́rìn-ín. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì, mò ń ho ìpẹ́ ẹja. Mo jowú. N kò ní fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó. N kò rò pé nǹkan kan wà láàárín wọn, ọmọ ilé kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ọkọ mi ni obìnrin náà gbà, ẹ̀yìn tó ń dùn ún nìkan ló kù fún mi. Mo fẹ́ kí ó fi ojú tó fi ń wò ó wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó gbé mi dé ìdí iṣẹ́ náà nìyẹn.

Ní oṣù kejì ọdún kan, ọ̀gá mi obìnrin ní Castleknock, ọmọ ìyá arúgbó náà, ti orí òkè oníyìnyín dé. Ọdọọdún ni wọ́n ń lọ síbẹ̀ láti lọ máa yọ̀ lórí yìnyín. Ó ra síkì tuntun, ó ń tún ilé ṣe, ó sì ní kí wọ́n da àwọn ti àtijọ́ sínú páànù ìdọ̀tí gbàǹgbà tó wà níwájú ilé. Síkì ni àwọn pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ bàtà, tí ẹnu wọn ká sókè. Mo dúró wò wọ́n. Ní ilé yẹn náà ni mo ti rí ìwé ìròyìn kan tí àwòrán àwọn apẹja ilẹ̀ olótùútù wà nínú rẹ̀, àwọn tó ń lu ihò sínú adágún tó ti dì láti fi pẹja. Wọn kì í gbẹ́rù. Wọ́n kan pèpéle sórí síkì méjì, wọ́n ń fi okùn fà á lórí yìnyín.

Yìnyín kò sí ní etíkun Dublin, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ wà. Ohun tó ń rì nínú ẹrẹ̀, ìwúwo tó kórajọ sójú kan ló ń rì í. Bí èèyàn bá tẹ́ ìwúwo náà sílẹ̀ ní gígùn, yóò dúró lókè. Mo ti kọ èyí sórí bọ́ọ̀dù tó ìgbà ọgọ́rùn-ún.

“Ṣé mo lè mú wọn?” Mo bi ọ̀gá mi.

“Mú wọn, mú wọn! Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ fi ṣe nǹkan fún ọkọ mi.”

Ó rò pé mò ń ṣàwàdà ni. Mẹ́ta ni mo mú, nítorí bàbá mi kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìsí àfikún igi nílẹ̀. Mo gbé wọn wọ bọ́ọ̀sì. Awakọ̀ bi mí bóyá yìnyín ti já bọ́ ní Corduff.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é lẹ́yìnkùlé, ní wákàtí tí ọkọ mi bá wà níbi iṣẹ́. Mo kọ́kọ́ yà á sínú ìwé: gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀, bí ẹsẹ̀ yóò ṣe ga tó. Mo yọ irin tí wọ́n fi ń de bàtà kúrò lára síkì. Mo gé pákó sí ẹsẹ̀ mẹ́rin, mo fi igi dábùú so wọ́n pọ̀ kí síkì méjèèjì má baà ya kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, mo sì tún fi igi mìíràn dá wọn ní kọ̀rọ̀ sí kọ̀rọ̀. Ìṣó ni mo kọ́kọ́ lò. Nígbà tí mo fà á yípo àgbàlá, ó ń mì bí ehín tó fẹ́ yọ. Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, mo ra bóòtù àti nọ́ọ̀tì, mo lu ihò, mo sì dè é pinpin. Ibi tí okùn yóò ti fà á ni mo ronú sí jù. Bí okùn bá ga, imú síkì yóò máa wọlẹ̀. Mo so ó mọ́ ìsàlẹ̀, mo sì sún pèpéle ẹrù sẹ́yìn díẹ̀ kí imú rẹ̀ lè fúyẹ́. Níkẹyìn, mo fi àbẹ́là ra abẹ́ rẹ̀ títí ó fi ń yọ̀.

Ní Jímọ̀, ọkọ mi dé, ó rí i. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

“Kí lèyí?”

“Ọmọlańkẹ́ ni. Ẹ ó máa fi kó ẹrù.”

“Ọmọlańkẹ́ tí kò ní táyà?”

“Bàbá wọn, ẹ gbé e lọ lọ́la, ẹ ó rí i.”

Mo bá a lọ ní ọjọ́ kejì, ìgbà kan ṣoṣo tí mo bá a lọ rí. A di gbogbo ẹrù lé e, ó gbé okùn kọ́ àyà, ó gbé ẹsẹ̀, ohun náà sì tẹ̀lé e bí ọmọlúwàbí. Ó dúró, ó wẹ̀yìn. Ó fi ìka kan fà á, ó tún tẹ̀lé e. Ó bú sẹ́rìn-ín láàárín iyanrìn gbalasa yẹn, ó ní, “Ìwọ obìnrin yìí! Ìwọ obìnrin yìí!” Ojú tí mo ń wá náà ló fi wò mí. Ká ní mo mọ̀ pé ìyẹn ni gbogbo owó iṣẹ́ mi, ǹ bá tún ojú náà wò dáadáa.

Ní Súńdè, a lọ sí àsàlátù, ní gbọ̀ngàn tí àwa Mùsùlùmí Yorùbá máa ń yá ní Blanchardstown. Ọkọ mi pín ẹja fún àwọn èèyàn, ó sì sọ ti ọmọlańkẹ́ fún wọn. Alága wa, bàbá arúgbó kan, wá bi í pé, “Ta ló kàn án fún yín?” Ọkọ mi ń jẹ dòdò lọ́wọ́. Gbogbo ojú yí sí mi.

Mo ní, “Ta ni ìbá tún kàn án, bí kò ṣe bàbá wọn.”

Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ìyàwó kì í dìde láwùjọ kí ó máa gba ògo níwájú ọkọ rẹ̀. Yóò gbé e fún ọkọ, ọkọ tó mọ iyì ara rẹ̀ yóò sì rẹ́rìn-ín, yóò ní, “Ẹ má dá a lóhùn, òun gan-an ló kàn án,” ìyàwó yóò tẹrí ba, ilé yóò tutù. Mo ti gbé tèmi. Mo dúró kí ó gbé tirẹ̀ padà fún mi. Ó gbé dòdò mì, ó ní, “Alihamudulilahi.” Wọ́n ń pè é ní káfíńtà títí a fi tú ká.

Mo gbé ìyẹn náà mì. Ọkọ mi ṣáà ni.

Lẹ́yìn oṣù kan, obìnrin ilé wọn rán ìbòrí kan fún ọmọlańkẹ́ náà, tapólì pupa tí wọ́n ń fi bo ẹrù kí òjò má baà pa á. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ní Súńdè yẹn gan-an, ọkùnrin kan ní àsàlátù ní òun fẹ́ kan irú rẹ̀, ó mú bírò àti ìwé jáde.

“Alàájì, báwo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ga tó? Kí ló dé tí okùn fi wà nísàlẹ̀?”

Ọkọ mi wo òkè, ó wo ilẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n. Bí ó bá wo apá ọ̀dọ̀ mi, ṣebí mo wà níbẹ̀. Òdìkejì ló wò.

“Kí n má purọ́ fún yín,” ó ní. “Àbúrò mi yìí ló ronú rẹ̀. Èmi kàn tẹ̀lé ohun tó wí ni.”

Obìnrin náà fi ìborùn bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má pariwo mi o! Kí ni mo ṣe níbẹ̀? Ìwọ̀nba ni.”

“Injiníà!” wọ́n ń kígbe. “Injiníà tí ń ránṣọ! Ẹ wá sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún un.”

“Ẹ jẹ́ kí n sinmi ná. Ìyàwó wa, ẹ bá mi bu omi wá, ọ̀fun mi ti gbẹ.”

Mo bu omi. Mo kúnlẹ̀ gbé e fún un, níwájú gbogbo wọn. Bí mo bá là á mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ọkọ mi ni mo sọ di òpùrọ́, lẹ́ẹ̀mejì. Ó mu omi náà tán, kò sì wò mí lójú.

Nígbà tí a délé, n kò tíì bọ́ híjáàbù tí mo fi bi í léèrè.

“Bàbá wọn, ta ló kan ọmọlańkẹ́ yín?”

“O tún ti bẹ̀rẹ̀.”

“Mo ní ta ló kàn án?”

“Ìwọ lo kọ́kọ́ purọ́,” ó ní. “Ìwọ lo ní èmi ni. Ṣé mo bẹ̀ ọ́?”

“Mò ń bọlá fún yín ni!”

“Ó dáa. O bọlá fún mi, èmi náà sì bọlá fún ọmọ ilé mi. Kí ló tún kù?”

“Èmi ló kù,” mo ní.

Ó tan tẹlifíṣọ̀n.

Ní ìgbà òtútù ọdún náà, bóòtù kan yọ nídìí síkì apá òsì. Ó gbé e wọ àgbàlá, ó dúró síbi tí mo ti ń sáṣọ, ó ní kí n bá òun wò ó. Mo ní, “Injiníà wà ní Moore Street.” Ó rò pé n kò lè dúró lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó gbé e sínú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé e lọ bá a ní tòótọ́.

Injiníà kò lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ó wá ọkùnrin kan tó ń tún ṣọ́ọ̀bù ṣe, ó ní kí ó kàn án. Ìyẹn mú ìṣó gígùn, ó lù ú wọ inú síkì láìdáhò sí i. Síkì kì í ṣe igi lásán. Ìpele ìpele ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Bí ìṣó bá ya ìpele wọn, ó parí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, níbi tó jìnnà jù lórí iyanrìn, tí omi ti ń padà bọ̀, síkì náà là sí méjì. Ọkọ mi fi àga sílẹ̀, ó fi àpótí ẹja sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó pa, ó kó ọ̀pá méjèèjì, ó ń wọ́ ìyókù tẹ̀lé ara rẹ̀. Omi ti dé itan rẹ̀ kó tó gúnlẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rí i. Mo bọ́ aṣọ rẹ̀, mo gbé omi gbígbóná síwájú rẹ̀, mo po tíì fún un. Ọmọbìnrin wa pè lórí fóònù, mo rò ó fún un. Ìlú yìí ló dàgbà sí, ó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n òyìnbó ló fi dá mi lóhùn: “Mammy, it’s only a yoke for dragging fish. Fix it for him and he’ll be grand.”

Bóyá òótọ́ ló sọ, pé nǹkan tí wọ́n fi ń fa ẹja lásán ni, kí n tún un ṣe fún bàbá rẹ̀, kó tán. Ọkọ mi gbé ife tíì sílẹ̀, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ tí n kò gbọ́ rí láti ọjọ́ iyanrìn yẹn pè mí.

“Ìyá àwọn ọmọ, jọ̀ọ́, bá mi tún un ṣe.”

Síkì kẹta wà nínú yàrá irinṣẹ́. Bóòtù wà. Iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni.

“Màá tún un ṣe lọ́la, lẹ́yìn àsàlátù,” mo ní. “Ṣùgbọ́n ní àsàlátù, ẹ ó dìde, ẹ ó ní, ‘Ìyàwó mi ló kàn án.’ Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ó tún gbé ife tíì náà.

“Kí n wá dójú ti ọmọ ilé wa láàárín èèyàn?”

“Èmi ńkọ́?”

“Ìwọ? Ìyàwó ni ọ́.”

Bí ẹni tó ń sọ àwọ̀ ògiri ló ṣe sọ ọ́. Kò bínú. Ó dá a lójú pé mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

N kò tún un ṣe. Òun náà kò sọ ọ́. Ó padà sí gbígbé ẹrù lé èjìká, ó sì gbé e bẹ́ẹ̀ fún ìgbà òtútù méjì. Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, mo máa ń dúró lójú fèrèsé, mo ń wò ó bó ṣe ń tẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀. Mo rò pé yóò yí padà ní ẹnu géètì lọ́jọ́ kan. Ọkùnrin náà yàn láti gbé irin àti garawa lé ẹ̀yìn ju kí ó gbé ọ̀rọ̀ márùn-ún sẹ́nu. Mo dẹ́kun fífi òrí ra ẹ̀yìn rẹ̀. Mo gbé ìgò rẹ̀ fún un ní ọwọ́, mo ní kí ó máa fi ra ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ kan, ẹ̀yìn náà kò jẹ́ kí ó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹja pípa sì parí. Obìnrin ilé wọn wá kí i. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí nítorí èyí ni mo ṣe ronú ọmọlańkẹ́ yẹn fún yín. Ìyàwó wa, kí ló dé tí ẹ kò bá wa tọ́jú rẹ̀?”

Ó ti gbà á gbọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Irọ́ tí ọkọ mi fi ta á lọ́rẹ, ó ti gbé e wọ̀ bí aṣọ tí wọ́n wọ̀n fún un.

N kò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. “Èmi ni mo kàn án,” mo ní. “Èmi ni mo yà á, èmi ni mo gé e, èmi ni mo dè é. Ìbòrí lẹ rán.”

Ó wo ọkọ mi. Èmi náà wò ó. Àwa obìnrin méjì, ẹnu ọkùnrin kan ṣoṣo là ń wò.

Ọkọ mi yíjú sí ògiri. “Jẹ́ kó máa wí,” ó sọ fún obìnrin náà. “Ó ti ń ṣarán ni.”

Ó lo ọdún mẹ́fà sí i láyé. Mo fọ aṣọ rẹ̀, mo se oúnjẹ tó fẹ́, mo gbé e lọ sílé ìwòsàn nígbà tó yẹ. Kò sọ ọ́. Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, wọ́n ń kí obìnrin ilé wọn pé ó ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóore, ó sì ń dáhùn. Mo ti wá kọ òótọ́ náà sínú ìwé báyìí. Ẹni tó bá fẹ́, kí ó gbé ìwé dání, kí ó wá bi mí léèrè bí ẹsẹ̀ ọmọlańkẹ́ náà ṣe ga tó àti ìdí tí okùn fi wà nísàlẹ̀. Kí ó lọ bi obìnrin ilé wọn náà.